Oko Tí Mi Ò Fi Àmì Sí

Kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ fún mi lọ́kọ, ẹ̀rù ni. Tí mo bá sọ ọ́ lójú ọkọ mi báyìí, á rẹ́rìn-ín, á ní òótọ́ ni, ẹ̀rù náà ló fún òun níyàwó. Àwọn èèyàn á rò pé àwàdà là ń ṣe. Àwàdà kọ́ o. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, kí n sì bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀, torí ọkọ̀ ló dé kí ọkọ tó dé.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ niṣẹ́ mi. Ilé ìwòsàn kéékèèké mẹ́ta ni mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kúlà yìnyín lọ́wọ́ mi, oògùn nínú kúlà. Tí yìnyín bá fi lè yọ́ kí n tó débẹ̀, oògùn bàjẹ́ nìyẹn, àwọn ìyá tó ti jí wá tò láti ìdájí á gbé ọmọ wọn padà sílé. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ ò sì mọ yìnyín lójú. Lọ́jọ́ tí mo da oògùn ogójì ọmọ nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sunkún délé. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá ra ọkọ̀.

Ọkọ̀ tí agbára mi ká fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ká ní èèyàn ni, ìkúnlẹ̀ ni ǹ bá máa kí i. Ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ò ṣeé ṣí láti inú, tí òjò bá rọ̀ lóru, ó di kí n bẹ̀ ẹ́ kó tó dáhùn láàárọ̀. Mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ní bòókẹ́lẹ́, mo ti gbàwé ìwakọ̀, àmọ́ mo ṣì ń di sítíárìn mú bí ẹni fẹ́ fà á tu. Mo ń bẹ̀rù ọ̀nà. Èyí tó wá jùyẹn lọ ni pé mò ń bẹ̀rù bàbá mi.

Kì í ṣe pé bàbá mi le o. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan, wọn ò fi ọkọ̀ họ ẹnikẹ́ni lára rí. Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni bíréèkì bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n bá gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì yẹn tún un ṣe, ó nuwọ́, ó ní, “Ó ti dáa. Ẹ máa lọ.” Òun alára padà lọ jókòó sábẹ́ igi. Bàbá mi gbé àbúrò wọn, ìyẹn bàbá mi kékeré, síwájú, wọ́n forí lé ilé. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ àdúgbò wa, wọ́n tẹ bíréèkì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ògiri ló dá bọ́ọ̀sì náà dúró. Bàbá mi kán lẹ́sẹ̀ òsì. Bàbá mi kékeré ò délé.

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò jókòó síwájú ọkọ̀ kankan mọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wà, nítòsí ilẹ̀kùn, wọ́n á di nǹkan mú gírígírí. Wọ́n ní ọmọ wọn kankan ò gbọdọ̀ di sítíárìn mú, mẹkáníìkì kankan ò sì gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ pé “Ó ti dáa” lójú wọn. Tí ìyá mi bá se oúnjẹ tán, “Ó ti jinná” ni wọ́n máa ń wí. Tí wọ́n bá bi wá pé báwo lara, “A dúpẹ́” la máa ń fi dáhùn. Bá a ṣe ń gbé ilé wa fún ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Èmi ọmọ ilé yẹn ni mo wá lọ ra ọkọ̀, ẹ ò rí nǹkan!

Mo ti háyà yàrá nítòsí ibi iṣẹ́ nígbà yẹn, ilé àwọn òbí mi fi bíi wákàtí kan jìnnà sí mi. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ra ọkọ̀ náà, mò ń bọ̀ ní oríta kan láàárọ̀, kúlà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Obìnrin kan tó pọnmọ ń sọdá. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ, kò bá nǹkan kan pàdé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òfo. Ìtàn tí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wá nílé ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí mi lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yìí. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo pariwo pé, “Bàbá mi ò!” Ọkọ̀ náà dúró. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Àárín ìbọ̀sẹ̀ yẹn àti iwájú ọkọ̀ mi ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ìyá náà wò mí, ó fọwọ́ kan ìdí ọmọ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo kàn ń gbọ́ tí ẹnì kan ń kan gíláàsì.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra. Ẹ rọra mú ọwọ́ yín kúrò lórí sítíárìn. Ọwọ́ ọ̀tún ná. Ẹ rọra.”

Ọkùnrin kan ni, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ dú fún ọ́ìlì, sípánà yọ lápò ẹ̀. Ọgbà mẹkáníìkì ẹ̀ kọjú sí oríta yẹn, ó ti rí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti ọkọ̀ mi wọ ọgbà. Ó wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde.

“Páìpù tó gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà ẹ̀yìn ti jẹrà. Ọ́ìlì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jò tán. Ta ló tà á fún yín?”

“Ó lóun fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

“Ó yẹ kó máa gbàdúrà lóòótọ́,” ló wí. Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bọ́ mọ́ ẹ̀rín yẹn lójú mi.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́nu ọgbà náà tó ń ta bóòtù àti nọ́ọ̀tì, Ìyá Onínọ́ọ̀tì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n fún mi ní àpótí jókòó. Wọ́n ní, “Fọkàn balẹ̀. Rọra là ń pe ẹni yẹn. Tó bá ń tú táyà, á ní rọra. Tó bá ń jẹun, á ní rọra. Bó bá fẹ́yàwó, àfàìmọ̀ kó má rọra débi tí obìnrin á fi darúgbó.”

Nígbà tí mo padà wá gbé ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ nílé wa ló yọ lẹ́nu mi. Mo ní, “Ṣé ó ti dáa?”

Rọra gbọn orí. “Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó.”

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn ọgbà náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni tí òun bá bá tún bíréèkì ṣe, onítọ̀hún á wa ọkọ̀ ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, Rọra á sì jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn oníbàárà kan ti torí ẹ̀ sá lọ, wọ́n ní kí ló ń dán wò tí kò bá ṣe pé kò mọṣẹ́.

Nígbà tí mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, mo ní, “Mi ò lè ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà.”

“Kí ló dé tí ẹ wá jókòó síwájú?”

“Torí ẹ̀rù ń bà mí ni. Tí mi ò bá lè jókòó síbí, kí ni màá fi sọ fún ẹlòmíràn pé kó wá jókòó síbí?” Ó fa bẹ́líìtì ẹ̀ dè. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí i. “Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ó mú. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn ara mi mọ́.

Ọkọ̀ náà ò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó tó wá ohun tó máa ṣe é. Òní plọ́ọ̀gì, ọ̀la rédíétọ̀. Nígbà tó bá sì yá tí nǹkan kan ò ṣe é, èmi náà á gbọ́ ìró kan níbì kan. Ìyá Onínọ́ọ̀tì wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yìí ló ń ṣàìsàn, àbí ìwọ?” Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

Rọra ò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan fún mi. “Ẹ káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ rọra o.” Ìyẹn náà nìyẹn. Àmọ́ mo dé lọ́jọ́ kan, mo bá a pé ó ti jó irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, irin onígun mẹ́rin kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú kúlà mi, kó má bàa ṣubú tí mo bá tẹ bíréèkì lójijì. Ó ti fá etí ẹ̀ dán kó má fi lè ha mí lọ́wọ́. Mo bi í pé ta ló ní kó ṣe é. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kóun ṣe é. Mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè ṣíná sí i.

Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mẹkáníìkì! Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láyé! Ká ní káfíńtà ni, ká ní bíríkìlà ni, màá mọ ọ̀rọ̀ tí màá gbé ka iwájú bàbá mi. Nígbà míì màá pinnu pé mi ò ní dúró ní oríta yẹn mọ́. Tó bá wá ku díẹ̀ kí n débẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kúrò lórí iná fúnra ẹ̀.

Oṣù kẹta ni mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní màá kọ́kọ́ sọ ti ọkọ̀ fún ìyá mi, kí wọ́n bá mi wá ọ̀nà ẹ̀. Mi ò lè pè wọ́n lórí fóònù, torí tí fóònù ìyá mi bá dún, bàbá mi á ní kí wọ́n gbé ohùn ẹ̀ sí ìta kí àwọn náà gbọ́. Mo bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ sì mọ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, ta ló ń fàmì sí i? Ohun tí mo kọ rèé:

“Mama, mo ti ni oko. O ti to osu meta. Eru n ba mi. E jowo e ma tii so fun Baba.”

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ awò ìyá mi ti kán láti ìjẹta. Ojú wọn ò ríwèé kà láìsí awò. Bàbá mi ni wọ́n gbé fóònù fún pé kí wọ́n bá àwọn kà á. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, ohun tí a bá ní kí baba má gbọ́, baba náà ni yóò parí ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù mi dún. Bàbá mi ni.

“Ìwọ ọmọ yìí.”

“Sà.”

“Èmi ni mo ka ohun tí o kọ sí ìyá ẹ.”

Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá mi, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí mi.

“Oṣù mẹ́ta!” ni bàbá mi wí. “Oṣù mẹ́ta lo ti ní ọkọ, o wá ń fi í pa mọ́ fún bàbá tó bí ẹ!”

Mo ti lanu kí n máa bẹ̀bẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ọ. Ọkọ. Bàbá mi ò pe ọkọ̀. Ohùn wọn ò wálẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ọkọ ni wọ́n kà, ọkọ tó ń gbéni níyàwó.

“Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Ṣé ọkọ wà níbẹ̀ àbí kò sí?”

Ká ní mo láyà ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti sọ pé, “Bàbá, àmì ló kù síbẹ̀.” Àmọ́ ojora ti mú mi. Ọmọbìnrin tó lọ́kọ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n á bú u, wọ́n á sì padà dárí jì í. Èyí tó lọ́kọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nílé wa, mi ò mọ ohun tí wọ́n á ṣe fún un.

“Ó wà, sà,” ni mo wí. “Ọkọ ni.”

Nígbà tí bàbá mi máa dáhùn, ohùn wọn ti rọ̀. “Inú ń bí mi o. Àmọ́ mo dúpẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ọkàn mi lọ síbòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì.”

“Ibo lọkàn yín lọ, sà?”

“Gbàgbé ìyẹn. Mú un wá ní Sátidé, kí n rí i.” Wọ́n pa fóònù.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìyá mi pè láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. “Ta ni? Ọmọ ta ni?”

“Màámi, ọkọ̀ ni! Ọkọ̀! Ọkọ̀ oníẹsẹ̀ mẹ́rin!”

“Yéè! Mo gbé!” Ìyá mi tún rẹ ohùn wọn sílẹ̀ sí i. “Bàbá ẹ ti pe ẹ̀gbọ́n wọn pé o ti lọ́kọ. Wọ́n ti ń wá aṣọ tí wọ́n máa wọ̀. Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kò sẹ́nì kankan? Kí o tiẹ̀ yá ẹnì kan wá ní Sátidé nìkan?”

Ẹyin lohùn, tó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ọgbà Rọra. Mo rò ó títí mo fi débẹ̀, mi ò rẹ́ni tí mo lè bẹ̀ bí kò ṣe òun, òun náà sì lẹni tí mi ò lè bẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ kan ló wà, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló yọ. Ìyá Onínọ́ọ̀tì ń ṣa nọ́ọ̀tì sínú agolo. Mo dúró ti ẹsẹ̀ yẹn, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ láìmí: fóònù, àmì, bàbá mi, Sátidé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá mi dé ibẹ̀. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin ni ọkọ mi. Ọjọ́ kan péré.”

Ẹsẹ̀ náà ò mira. Nígbà tó yá, ó jáde. Ó gbé àkísà, ó ń nu ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Rárá,” ló wí.

Mo ní, “Ẹ má bínú.” Mo ti yíjú padà. Ilẹ̀ ni mò ń wò kó lanu kó gbé mi mì.

“Mi ò lè lọ purọ́ fún bàbá tí mo fẹ́ kó di àna mi.”

Agolo nọ́ọ̀tì jábọ́ lọ́wọ́ Ìyá Onínọ́ọ̀tì, gbogbo ẹ̀ fọ́n káàkiri. “Ó ti jáde!” ni wọ́n ké. “Ẹ̀yin ará, ó ti jáde! Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń retí ẹ̀!”

Rọra ò tiẹ̀ wò wọ́n. “Mo fẹ́ràn rẹ,” ló wí. Bó ṣe kúrò ní “yín” tó di “rẹ” nìyẹn. “Ó ti pẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹni tó wọṣọ funfun bíi tìẹ, kí ló máa fi oníọ́ìlì ṣe? Tí ìwọ náà bá fẹ́ mi, màá tẹ̀ lé ẹ lọ. Àmọ́ òótọ́ la máa sọ, ọkọ̀ yẹn la sì máa gbé lọ.”

“Mo fẹ́ ẹ,” ni mo wí. “Àmọ́ o ò tíì gbọ́ tán.” Mo wá sọ ti bàbá mi kékeré fún un, àti ti mẹkáníìkì tó nuwọ́ tó ní ó ti dáa. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ẹ̀ ń yí padà. Ó jókòó sórí táyà kan. Mi ò rí i kó bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí, àní níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

“Wọ́n lè lé mi,” ló wí.

“Wọ́n á lé ẹ.”

“Wọ́n jàre.” Ó gbójú sókè. “Ká lọ náà.”

Mi ò sùn dáadáa títí Sátidé fi dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a wa ọkọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ọgbà lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbéra. Èmi ni mo wà á. Bí a ṣe ń sún mọ́ àdúgbò wa, ojo mú mi, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn, mo páàkì sẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì. Rọra wò mí. Mo ní, “Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ ná. Tó bá yá, a ó sọ ti ọkọ̀.” Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi.

Bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì, wọ́n ti wọ aṣọ tó dáa jù tí wọ́n ní. Ìyá mi gbé omi wá, wọ́n ti fi òwú so ẹsẹ̀ awò wọn mọ́ ara. Ife ń dún lórí àwo. Rọra dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi ní kó dìde. Wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ẹsẹ̀ lẹ fi rìn wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì,” ni bàbá mi wí, ohùn wọn ò ròkè rárá. “Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Fánbẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń ké. Ẹni tó wà á ń bẹ̀rù, torí ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dúró. Ta ló wà á?”

Ìyá mi ní, “Baba wọn, ẹ jẹ́ kí àlejò mumi ná.”

“Ta ló wà á?”

Mo kúnlẹ̀. “Èmi ni, Bàbá. Oko tí ẹ kà yẹn, ọkọ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi ní ọkọ ni.”

“Èyí tó wá dúró síbí yìí ńkọ́?”

“Ọkọ nìyẹn, sà. Ìyẹn ni pé… ọjọ́ tí mo sọ ọ́, kò tíì jẹ́ ọkọ. Àmọ́ ó ti ń dà á báyìí.”

Ní ọjọ́ míì, ìyá mi ì bá rẹ́rìn-ín. Bàbá mi di ọ̀pá wọn mú, wọ́n dìde. Wọ́n bi Rọra pé, “Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Mẹkáníìkì ni mí, sà.”

Ìyá mi gbé àwo sílẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá mi na ọ̀pá sí ẹnu ọ̀nà. Rọra tẹrí ba, ó yíjú, ó ń lọ. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ẹnu ọ̀nà nígbà tí bàbá mi tún sọ̀rọ̀.

“Dúró. Ìwọ lo tún bíréèkì ẹ̀ ṣe?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé ó ti dáa?”

Láti ọdún mẹ́rìnlá, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé yẹn. Ẹnu àwọn gan-an ló wá ti jáde. Ojú ìyá mi là sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ aya, tí bàbá aya bi í bẹ́ẹ̀, kí ló máa sọ bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Mo di ojú mi.

“Mi ò mọ̀, Bàbá,” ni Rọra wí.

“Kí lo wí?”

“Láàárọ̀ a wò ó, ó mú. Láti ìgbà yẹn a ti rìn jìnnà. Mi ò mọ bó ṣe rí báyìí. Tí ẹ bá ní ká lọ wò ó, ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni màá jókòó síwájú.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ?”

“Ẹ̀rù ló máa ń bà mí, sà. Gbogbo ìgbà.”

“Ká ní ẹ̀rù ti ba ẹni yẹn díẹ̀,” ni bàbá mi wí, “díẹ̀ péré…” Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Rọra kọjá, wọ́n ń tiro lọ sí ẹ̀yìn ilé oníbúrẹ́dì, àwa náà sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀ náà, wọ́n fọwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Rọra ti ṣí ilẹ̀kùn iwájú kó wọlé.

“Bọ́ sẹ́yìn,” ni bàbá mi wí. “Èmi ni màá jókòó síwájú.”

Ìyá mi, tó tẹ̀ lé wa dé ẹ̀bá ilé oníbúrẹ́dì, ké pé, “Baba wọn! Iwájú kẹ̀?” Bàbá mi wọlé, wọ́n fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì wọn wọlé, wọ́n sọ fún mi pé, “Ìwọ lo lọkọ̀. Wà á.”

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò wa ni wọ́n ní kí n lọ. Ògiri náà ṣì wà nísàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi dí i ò jọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dúró lókè. Mo rò ó pé tó bá já, bàbá mi nìyí níwájú, ọkọ mi nìyí lẹ́yìn, èmi ni mo wà láàárín. Gbogbo ohun tí mo ní láyé ló wà nínú ọkọ̀ àgbàlagbà yìí. Mo ní, “Bàbá, mi ò lè ṣe é.”

“Èmi náà ò lè ṣe é,” ni wọ́n wí. “Máa lọ.”

Mo jẹ́ kó máa yí. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ògiri ń bọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá mi tó ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Láti ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn kan, ohùn yẹn náà ń gbọ̀n: “Rọra.”

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ó mú. Ọkọ̀ náà dúró láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó dákẹ́ síbẹ̀, fánbẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ké. Bàbá mi ní, “Tún wà á lẹ́ẹ̀kan sí i.” Ẹ̀ẹ̀mẹta la wà á sọ̀kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, a sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ògiri, ó sì dúró. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé búlọ́ọ̀kù yẹn, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Èmi àti Rọra ò kúrò nínú ọkọ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ó di irin kúlà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi wà lójú ẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi padà wọlé, wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ fún ìyá mi: “Oko naa duro.” Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ báyìí ni fóònù dún. Wọ́n gbé ohùn ẹ̀ sí ìta.

“Baba wọn!” Ìyá mi ń sunkún. “Èwo ló dúró nínú méjèèjì? Ṣé ọkọ̀ ni àbí ọkọ?”

Bàbá mi wo dígí ọkọ̀, wọ́n wo ẹni tó wà lẹ́yìn.

“Méjèèjì ló dúró,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ tòní nìyẹn o. Tó bá dọ̀la, a ó tún wò ó.”